Ẹni Tó Ń Jẹun Alẹ́ Lẹ́ẹ̀mejì

"Wọ́n ní rárá o."

Bí Ìyá Oníbọ́tìnnì ṣe wọlé nìyẹn. Kò kí, kò jókòó. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn imú.

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà máṣínnì. Agogo kan ọ̀sán ku díẹ̀. Ẹ̀wù oníbàárà kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó ti rán apá kan mọ́ ọn, apá kejì ṣì wà lórí tábìlì.

"Wọ́n ní rárá sí kí ni, mà?"

"Sí ìgbéyàwó yín ni. Ìyá Alásè ní òun ò fọwọ́ sí i. Ó ní kí n bá òun sọ ọ́ fún ọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé kí o wá ọkọ síbòmíràn."

Bọ́tìnnì, òwú àti síìpù ni Ìyá Oníbọ́tìnnì ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù tó fara ti ti Aránṣọ. Òun ni alárinà ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òun àti Ìyá Alásè, ìyá ọkùnrin tí Aránṣọ fẹ́ fẹ́, ti ń bá ọ̀rẹ́ bọ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì wà ní ọmọge. Ó ti fi odidi ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ó ti fi bọ̀, ó ń sọ lójoojúmọ́ pé kí ọkàn Aránṣọ balẹ̀, ọwọ́ òun ni ọ̀rọ̀ náà wà.

"Kí ni mo ṣe fún wọn?"

Ìyá Oníbọ́tìnnì wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ọmọ mi, má bínú sí èmi o. Wọ́n ní o ò mọ oúnjẹ sè. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé oúnjẹ rẹ ò ṣeé jẹ. Pé láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́, kò tíì gbé ṣíbí kan mì nílé rẹ, ebi ló máa ń pa á wálé."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa Aránṣọ. Ẹ dákun, ẹ má dá a lẹ́bi. Ta ló máa gbọ́ irú ẹ̀ tí ò ní rẹ́rìn-ín? Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ọkùnrin yìí ti ń jẹun alẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àná òde yìí ló jẹ ẹja méjì, tó tún fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Ó ti sanra débi pé Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló tú ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ mẹ́ta, tó fi aṣọ kún un kó lè rí i wọ̀. Ẹni tí oúnjẹ ò wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ń ya ṣòkòtò báyìí?

Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wo ojú alárinà, ó rí i pé obìnrin náà ò ṣeré.

"Ẹ ní òun ló sọ ọ́?"

"Ìyá rẹ̀ ní òun ló sọ ọ́."

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe pàdé, kí inú lè bí ẹ̀yin náà dáadáa.

Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni kó máa tún máṣínnì ìránṣọ ṣe. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é, nítorí kì í pariwo, kì í bá èèyàn jà, bí èèyàn bá sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, òun ló máa bẹ̀bẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wá tún máṣínnì tó ń jẹ aṣọ ṣe fún Aránṣọ. Ó bá a lórí ìdúró, búrẹ́dì lọ́wọ́ òsì, sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń gé aṣọ, ó ń gé búrẹ́dì jẹ.

"Ẹ jọ̀wọ́," Jẹ́jẹ́ wí, "ṣé wọ́n ń lé yín bọ̀ ni, tí ẹ fi ń jẹun lórí ìdúró?"

"Bí oníbàárà bá bá mi níjókòó, á rò pé mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́."

"Ẹ jókòó. Oníbàárà tó bá dé, màá sọ fún un pé máṣínnì bàjẹ́. Irọ́ kọ́, àbí?"

Aránṣọ jókòó. Ọdún mẹ́fà tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa jókòó jẹun ọ̀sán nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ní agogo kan géérégé, Jẹ́jẹ́ tún dé, kò sì sí máṣínnì tó bàjẹ́. Kúlà oúnjẹ ló gbé lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ló sè é, wọ́n sì jọ jẹ ẹ́.

Ìyá Alásè ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá náà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi jẹ́ olórí alásè ilé ìwé kan, irinwó ọmọ ló ń sè fún lójúmọ́. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń jókòó kọ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sórí ìwé, tọ̀sán tọ̀sán, talẹ́ talẹ́, tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tó bá wà lórí ìwé yẹn, àyípadà ò sí. Ojú kúlà rẹ̀ lásán á sọ fún ọ: ìrẹsì lọ́tọ̀, ẹ̀fọ́ lọ́tọ̀, ọbẹ̀ ò kan ìdérí. Aránṣọ fẹ́ràn oúnjẹ yẹn. Ká sọ òtítọ́, ó fẹ́ràn ìyá náà láìtíì rí i.

Nígbà tó di oṣù kejì, òun náà ní, "Ìyá rẹ ń fún wa lọ́sàn-án. Ó tì mí lójú. Láti òní lọ, èmi á máa fún ọ lálẹ́."

"Hùn-ún," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Ṣùgbọ́n kí o sọ fún wọn o, kí wọ́n má máa sè fún ọ lásán."

"Hùn-ún."

"O ti sọ fún wọn?" Ìyẹn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

"Hùn-ún."

Ẹ gbọ́ hùn-ún! Hùn-ún yìí dùn létí, ó rọ̀ bí òwú, kò sì wúlò fún nǹkan kan. Orí rẹ̀ ni Aránṣọ gbé gbogbo ìrọ̀lẹ́ ayé rẹ̀ lé. Láti àárọ̀ ló ti ń ro ohun tó máa sè. Ní agogo márùn-ún ló ń kó aṣọ nílẹ̀, ní agogo mẹ́fà oúnjẹ á ti délẹ̀ nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, Jẹ́jẹ́ á jẹ, á ní ó dùn, wọ́n á sọ̀rọ̀ ọmọ, wọ́n á sọ̀rọ̀ ilé. Tó bá di agogo méje, á dìde, á ní Màámi ń retí òun. Aránṣọ á máa fi yangàn lọ́dọ̀ Ìyá Oníbọ́tìnnì pé ọkùnrin òun mọ ìtọ́jú ìyá. Kò mọ̀ pé oúnjẹ ló ń lọ jẹ.

Jẹ́jẹ́ ò wá lọ́sàn-án ọjọ́ tí alárinà mú èsì dé, iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn ni wọ́n rán an. Aránṣọ rán apá ẹ̀wù náà, ó rán an lódì, ó tú u, ó tún un rán. Nígbà tí agogo mẹ́fà lù, ó gbé ìrẹsì síwájú ọkùnrin náà, ó jókòó, ó ń wò ó.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn gan-an ni."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Ṣé o ò rí i bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ ni?" Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, ó bu ṣíbí mìíràn.

"Màámi ti fèsì?"

"Wọn ò tíì sọ nǹkan kan fún mi."

Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá. Agogo méje lù, ó dìde. Aránṣọ jẹ́ kó lọ ná, lẹ́yìn náà ló mú báàgì, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ̀lé ọ̀nà. Òpópónà mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ pé ìyá yẹn ló ń purọ́. Dandan ni. Ìyá tí kò fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ ló hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Jẹ́jẹ́ òun ò lè sọ bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ìyá Alásè fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Obìnrin kúkúrú ni, ó so aṣọ ìdáná mọ́ àyà, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Ìwọ ni Aránṣọ. Wọlé. A ń jẹun lọ́wọ́ ni."

Jẹ́jẹ́ wà ní ìdí tábìlì. Àwo ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún díndín kún fọ́fọ́ níwájú rẹ̀, ṣíbí wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó rí ẹni tó wọlé, kò yọ ṣíbí náà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé ohun tó wà lórí rẹ̀ mì. Lára kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn rẹ̀, ìwé náà wà níbẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà gbàgàdà kọ ọ́: *Ọjọ́rú, alẹ́: ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún. Èèyàn méjì.*

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Mo gbọ́ èsì yín."

"Má bínú, ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò kórìíra rẹ. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí rèé. Baba rẹ̀ kú, ó ku èmi àti òun nìkan. Oúnjẹ ni mo fi tọ́ ọ dàgbà, mi ò sì lè fà á lé ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ò ṣeé jẹ lọ́wọ́. Òun ló sọ ọ́, èmi kọ́."

"Ẹ bi í fún mi, mà. Ẹ bi í léèrè ohun tó jẹ ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní."

Ìyá Alásè yí ojú sí ọmọ rẹ̀. "Kí lo jẹ?"

Hóró ìrẹsì kan lẹ̀ mọ́ àyà ẹ̀wù Jẹ́jẹ́, funfun báláú, Aránṣọ ń wò ó láti ibi tó dúró sí. Ọkùnrin náà wo àwo rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. Kò wo Aránṣọ rárá.

"Mi ò jẹ nǹkan kan," ó wí.

Aránṣọ ò sunkún, kò bú u. Ó ní, "Ó dáa," ó kí ìyá náà pé ó dàárọ̀, ó jáde. Ìgbà tó dé ìta ni inú bí i débi pé kò mọ ìgbà tó kọjá ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ rìn ládùúgbò yẹn. Kó tó di ọjọ́ kẹta, gbogbo èèyàn ti gbọ́ pé Ìyá Alásè kọ Aránṣọ nítorí oúnjẹ. Oníbàárà kan wá gba ẹ̀wù, ó ní, "Aránṣọ wa, ọwọ́ tó mọ abẹ́rẹ́ tó báyìí, kí ló dé tó ń bá ìkòkò jà?" Ẹlòmíràn ní òun ní ọmọ àbúrò kan tó lè wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ń ṣeré ni. Aránṣọ ń rẹ́rìn-ín padà, abẹ́rẹ́ sì gún un ní ìka ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Obìnrin tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń se gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n sè! Òun ni wọ́n fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà!

Jẹ́jẹ́ wá. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó wá. Ní agogo kan ọ̀sán ọjọ́ kejì ló dé tòun ti kúlà, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Aránṣọ yọjú lójú fèrèsé.

"Ta lò ń wá?"

"Ìwọ ni. Jọ̀wọ́, ṣílẹ̀kùn kí n ṣàlàyé."

"Ìta yẹn náà ni kí o ti ṣe é. Etí mi ò di."

Ó ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Ó ní láti ìgbà tí Bàámi ti kú, òun àti Màámi ni àwọn jọ ń jẹun alẹ́. Ó ní Màámi kì í jẹ tòun bí òun ò bá tíì dé. Ó ní lọ́jọ́ tí Màámi bi òun bóyá òun ń jẹun lọ́dọ̀ Aránṣọ, àyà òun já, òun ní rárá. Màámi ní kí ló dé tí òun kì í jẹ níbẹ̀.

"Ni o ṣe wí kí ni?"

"Mo... Ó bọ́ lẹ́nu mi ni."

"Ó bọ́ lẹ́nu ẹ! Oúnjẹ mi gba ẹnu yẹn wọlé, irọ́ gba ibẹ̀ jáde, o sì nu ẹnu yẹn nù, o tún padà wá jẹ sí i lọ́jọ́ kejì!"

"Mi ò fẹ́ kí inú bí Màámi."

"Tèmi ńkọ́? Ṣé èmi ò ní inú ni?"

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Mo mọ̀! Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù. Ká ní o ò fẹ́ràn mi ni, mi ò bá ti gbàgbé rẹ láti àná." Ó di fèrèsé mú. "Lọ sọ òtítọ́ fún ìyá rẹ. Lójú mi. Bí o ò bá lè ṣe é, má tẹ ẹnu ọ̀nà yìí mọ́."

"Hùn-ún," Jẹ́jẹ́ wí.

Aránṣọ pa fèrèsé dé gbàm.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá báyìí. Aránṣọ padà sídìí búrẹ́dì lórí ìdúró. Kò dá iná alẹ́ mọ́ àfi tó bá rántí, nígbà tó bá sì rántí, á bu omi tó pọ̀ jù síkòòkò, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ oúnjẹ èèyàn méjì. Ìyẹn á tún bí i nínú. Ní agogo kan lójoojúmọ́, ikùn rẹ̀ á kígbe, ojú rẹ̀ á sì lọ sójú ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ á bú ojú náà. Ó mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ ń wá. Ó ń rí òjìji rẹ̀ ní òdìkejì òpópónà, tó dúró bí òpó iná, kò sún mọ́ tòsí, kò sì lọ. Ohun tó ń rò lọ́kàn ò kọjá ẹyọ kan: ọkùnrin tí kò lè sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti yó, ọjọ́ wo ló máa lè sọ fún un pé ìyàwó òun rèé? Tí wọ́n bá bímọ ńkọ́? Tí wọ́n bá ń ṣàìsàn, tí wọ́n bá ń lé wọn nílé, ṣé hùn-ún náà ló máa dúró lé?

Ìyá Oníbọ́tìnnì ò jẹ́ kó sinmi. "Ọmọ mi, ronú o. Ọkùnrin tí kì í lu èèyàn, tí kì í pariwo."

"Kì í sọ̀rọ̀ náà, mà."

"Ìwọ wò ó. Ọkọ tèmi, kò purọ́ fún mi rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Bí aṣọ ò bá yẹ mí, á sọ. Bí iyọ̀ ọbẹ̀ bá pọ̀ jù, á sọ. Ogún ọdún àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ ni mo ń sunkún."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ mọ̀ ọ́ síbẹ̀, mà. Ẹ mọ ibi tí ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi, mi ò mọ ibi tí mo wà."

Ọjọ́bọ̀ kan, ní agogo kan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Aránṣọ ṣí i tìbínútìbínú, ó rò pé Jẹ́jẹ́ ni. Ìyá Alásè ló dúró síbẹ̀, òun nìkan, ó gbé kúlà mọ́ àyà.

"Mo wá jẹun ọ̀sán," ó wí.

Kí lèèyàn fẹ́ wí sí irú ìyẹn? Aránṣọ kó aṣọ kúrò lórí àga. Ẹ̀wà tó sè mọ́jú wà nínú ìkòkò, ó gbé e kaná, ó bù ú síwájú ìyá náà láìsọ̀rọ̀. Ìyá Alásè bu ṣíbí kan, ó pa ojú dé, ó jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti tọ́ ọ wò. Ó bu ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó jẹ àwo náà dé ìdajì.

"Ó dùn," ó wí. "Iyọ̀ rẹ̀ ṣe wẹ́kú. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ẹ mọ kí ni, mà?"

"Mo mọ̀ pé ó ń jẹun níbí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi dúró sídìí tábìlì ọmọdé. Ọmọ tí ebi ń pa àti ọmọ tó ti yó, ṣíbí àkọ́kọ́ ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń ti oúnjẹ kiri nínú àwo mi. Alẹ́ ọjọ́ tí o wá yẹn, ẹ̀wà ni mo sè, ìrẹsì ló wà láyà ẹ̀wù rẹ̀. Ṣé o rò pé mi ò rí i?"

Aránṣọ jókòó sórí àga máṣínnì.

"Mo ń retí kó sọ ọ́ ni," ìyá náà ń bá a lọ. "Ojoojúmọ́ ni mo ń bù kún un. Mo ní lọ́jọ́ kan, á ní Màámi, ó tó, mo ti jẹun. Kò wí i. Mo ní bí mo bá kọ ìgbéyàwó yìí, inú á bí i, á sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀. Wàyí o, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí kò jẹ tèmi, tí kò jẹ tìrẹ. Ó ń rù. Ìyẹn ni mo bá wá. Jọ̀wọ́, gbà á padà kó lè jẹun."

Aránṣọ dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wá ìbínú láti àárọ̀, ìbínú dé wàyí.

"Ẹ mọ̀," ó wí. "Ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, ẹ sì rán àgbàlagbà sí mi pé oúnjẹ mi ò ṣeé jẹ! Gbogbo àdúgbò yìí ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ọmọ kékeré fẹ́ wá kọ́ mi ní ẹ̀wà sísè. Orúkọ mi lẹ fi dán ọmọ yín wò, mà. Orúkọ mi! Kì í ṣe orúkọ yín, kì í ṣe tirẹ̀. Títí dòní tí ẹ wá yìí, ṣé nítorí mi lẹ ṣe wá? Ẹ wá nítorí pé ọmọ yín ò jẹun!"

"Rọra, ọmọ mi."

"Mi ò ní rọra! Ẹni tó ń rọra nínú ọ̀rọ̀ yìí ti tó. Jẹ́jẹ́ ti rọra fún gbogbo wa!"

Ìyá Alásè gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó hàn pé kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ báyìí rí láàárín ọgbọ̀n ọdún tó fi ṣe olórí. "Òótọ́ lo sọ," ó wí. "Mo jẹ̀bi. Mi ò rò ó dé ọ̀dọ̀ rẹ."

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ariwo Aránṣọ ti dé òdìkejì òpópónà. Jẹ́jẹ́ wọlé, ṣòkòtò tí wọ́n fi aṣọ kún fún un ti tún padà ń jábọ́ nídìí rẹ̀. Ìyá Oníbọ́tìnnì wà lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti oníbàárà rẹ̀ kan, síìpù ṣì wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

"Màámi," Jẹ́jẹ́ wí.

"Wọlé kí o jókòó," ìyá rẹ̀ wí.

"Mi ò ní jókòó!" Ariwo ni o. Ẹni tí ò pariwo rí kì í mọ ìwọ̀n rẹ̀, ohùn yẹn gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù kan. "Màámi, ibí ni mo ti ń jẹun. Oṣù mẹ́jọ, ojoojúmọ́. Ó dùn. Mo parọ́ mọ́ ọn, mo tún parọ́ mọ́ ọn lójú ara rẹ̀, mo sì ń jẹ oúnjẹ yín lórí oúnjẹ rẹ̀ bí ọ̀lẹ. Gbogbo ẹni tó bá béèrè, màá sọ fún un. Òun ni mo fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, Màámi, ẹ má se alẹ́ fún mi mọ́."

Oníbàárà tó mú síìpù dání la ẹnu, kò rántí pa á dé.

"Ta ni kí n wá máa sè fún?" Ìyá Alásè béèrè.

Kò fi ìbínú béèrè. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Aránṣọ wo ojú Jẹ́jẹ́, ó rí i pé ìbéèrè tí ọkùnrin yìí ti ń sá fún láti oṣù mẹ́jọ nìyí, tó tìtorí rẹ̀ jẹun títí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́.

"Mi ò mọ̀, Màámi," ó wí. Omi ti dà lójú rẹ̀. "Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi mọ́."

Ìyá náà mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó na ọwọ́ sí kúlà rẹ̀, ó fà á mọ́ra, ó tún tì í síwájú, kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ náà ṣe. Àánú rẹ̀ ṣe Aránṣọ, inú sì tún bí i pé àánú rẹ̀ ń ṣe òun. Jẹ́jẹ́ yíjú sí i. Ó ní òun ò bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun. Ó ní òun kàn ń bi í bóyá ó ṣì máa fẹ́ òun ni.

"Mi ò tíì dárí jì yín," Aránṣọ wí. "Ẹ̀yin méjèèjì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ọjọ́ tí màá dárí jì yín." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ṣùgbọ́n màá fẹ́ ẹ."

Ìyá Alásè gbé ojú sókè. "Tìbínútìbínú yìí náà lo fẹ́ wọlé ọkọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi àti ìbínú mi la jọ ń bọ̀. Ẹ múra láti gba àwa méjèèjì."

Ìyá náà ti kúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ló sọ fún Ìyá Oníbọ́tìnnì pé kó jókòó, kí àwọn mú ọjọ́ ìgbéyàwó.